Mítà kámẹ́rà àtijọ́ tó ń parọ́: bí mo ṣe ń tún un ṣe

Ẹ kú ìjókòó o, ẹ̀yin èèyàn mi. Ilé-Ifẹ̀ ni mo wà, nínú ṣọ́ọ̀bù fọ́tò mi ní Ìrẹmọ. Minolta SRT 101 ni kámẹ́rà ọwọ́ mi yìí. Ọdún 1966 ni irú rẹ̀ kọ́kọ́ jáde ní Japan, bàbá mi ló sì fi ń ya ìgbéyàwó àti ìkómọjáde ní ìlú yìí kó tó di tèmi. Ṣátà rẹ̀ ń ṣí, ó ń pa dé, lẹ́ǹsì rẹ̀ mọ́ kedere. Mítà rẹ̀, ìyẹn ohun tó ń wọn ìmọ́lẹ̀ nínú rẹ̀, nìkan ló ń parọ́. Fíìmù àkọ́kọ́ tí mo fi yà, ṣe ni gbogbo rẹ̀ ṣókùnkùn. Màmá àgbà kan wà tí mo yà lẹ́nu ọ̀nà ilé rẹ̀, gèlè rẹ̀ funfun nìkan la rí, ojú rẹ̀ ò hàn. Ó ṣì ń dùn mí, torí màmá náà ti lọ, mi ò lè yà á mọ́.

Kí n tó fọwọ́ kan nǹkan kan: ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tú orí kámẹ́rà o. Nínú SRT, okùn tín-ín-rín ló so ṣátà pọ̀ mọ́ mítà, ó sì gba ara àwọn kẹ̀kẹ́ kéékèèké kọjá. Mo ti já a nínú ọ̀kan rí, oṣù mẹ́ta ni kámẹ́rà ọ̀hún fi wà nínú ike. Ọ̀pọ̀ ìgbà ni àrùn wà nísàlẹ̀, níbi bátìrì.

A ó kọ́kọ́ wo bí irọ́ náà ṣe tó. Ẹ tẹ̀ lé mi jáde. Ògiri tí wọ́n fi sìmẹ́ǹtì rẹ́ tí wọn ò tíì kùn ni mo máa ń lò, torí àwọ̀ eérú rẹ̀ sún mọ́ àwọ̀ tí mítà ń retí. Ẹ jẹ́ kí ògiri kún ojú kámẹ́rà, kó má ku ojú ọ̀run, kó má ku koríko. Mo fi ASA, ìyẹn nọ́ńbà bí fíìmù ṣe ń tètè gba ìmọ́lẹ̀ sí, sí 200, ṣátà sí 1/250 ìṣẹ́jú àáyá. Mo wá gbé áàpù tó ń wọn ìmọ́lẹ̀ lórí fóònù mi sí ògiri kan náà, pẹ̀lú nọ́ńbà kan náà. Ẹ fi ojú dí ibi tí a ń gbà wo kámẹ́rà dáadáa. Bí oòrùn bá gba ẹ̀yìn wọlé, yóò da mítà láàmú.

Nínú oòrùn, fóònù ní f/11, kámẹ́rà ní f/22. Nọ́ńbà ojú lẹ́ǹsì ni f, bó bá ṣe ń ga ni ojú náà ń kéré. Ìpele méjì nìyẹn, ìpele kọ̀ọ̀kan ń sọ ìmọ́lẹ̀ di ìlọ́po méjì tàbí ìdajì. Lábẹ́ òjìji, ìpele kan àti ààbọ̀. Nínú ṣọ́ọ̀bù, ìpele kan. Mo kọ ọ́ sínú ìwé. Ẹ rí i pé irọ́ náà ò dọ́gba? Bó bá dọ́gba níbi gbogbo ni, ASA nìkan la ó yí. Bí kò ṣe dọ́gba yìí, bátìrì ni mo kọ́kọ́ fura sí.

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé. Bátìrì tí wọ́n ṣe kámẹ́rà yìí fún, PX625 ni, oní-mákíúrì. Fóòtì (volt) 1.35 ni agbára iná rẹ̀, kì í fi bẹ́ẹ̀ yẹ̀ títí tó fi máa kú. Kóńgò tí mítà fi ń wọn ìmọ́lẹ̀ nìyẹn. Bí ìyá onígàrí bá pààrọ̀ kóńgò rẹ̀, gàrí tẹ́ ẹ gbé délé ò ní jẹ́ iye tẹ́ ẹ rò. Májèlé ni mákíúrì, Amẹ́ríkà fòfin de títa bátìrì yẹn ní 1996, kò sì sí lọ́jà mọ́. Irú bátìrì mìíràn, alkaline, tó wọ ojú ihò náà ni wọ́n ń tà fún wa báyìí. Ó ń bẹ̀rẹ̀ láti fóòtì 1.5, á wá máa rẹlẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Abẹ́rẹ́ mítà á ga ju bó ṣe yẹ lọ, kámẹ́rà á rò pé ìmọ́lẹ̀ pọ̀, á ní kẹ́ ẹ dín ojú lẹ́ǹsì kù sí i. Bí màmá yẹn ṣe dúdú nìyẹn.

Mo fi owó ẹyọ ṣí ìdérí nísàlẹ̀. Ẹ sún mọ́ ibí. Ẹ rí nǹkan aláwọ̀ ewé tó hu yí ká irin yẹn bí ewédò? Bátìrì ló jò. Mo tẹ òwú bọ inú omi ọsàn wẹ́wẹ́, mo fún un gbẹ kó má kán sínú, mo sì ń fi nù ún. Ó ń hó díẹ̀, ẹ gbọ́ ọ. Bó bá ti tán, mo fi sípíríìtì nu omi ọsàn náà kúrò, torí òun náà á jẹ irin bí a bá fi í síbẹ̀. Lẹ́yìn náà ni mo fi rọ́bà ìpawérẹ́ ha ojú irin títí ó fi dán. Ẹ má lo sàǹpépà, á ha awọ ojú irin kúrò. Bí wáyà tó wà lábẹ́ rẹ̀ bá ti jẹ, ẹ gbé e fún ẹni tó mọ bí wọ́n ṣe ń fi òjé jó wáyà pọ̀.

Bátìrì tí mo fẹ́ fi sí i nìyí, 675, ti ẹ̀rọ tí àwọn tí kì í gbọ́ràn dáadáa ń fi sétí. Fóòtì 1.4 ni, ó sún mọ́ ti àtijọ́ gan-an. Afẹ́fẹ́ ló ń lò. Ẹ yọ bébà ẹ̀yìn rẹ̀, kẹ́ ẹ fi í sílẹ̀ fún bíi ìṣẹ́jú márùn-ún kó mí. Ó kéré sí ihò náà: mìlímítà 11.6 ni fífẹ̀ rẹ̀, ti àtijọ́ jẹ́ 15.6. Mo gé róbà inú táyà kẹ̀kẹ́, mo fi ṣe òrùka yí i ká. Bó bá ṣì ń mì, ẹ ká bébà fádákà kékeré sí ojú bátìrì tí kò ní ihò afẹ́fẹ́, kó má kan etí bátìrì. Ojú tó ní ihò, ẹ má bò ó, á kú. Àti pé nígbà ọyẹ́, ó máa ń gbẹ kíákíá, ẹ ra méjì dání.

Ó yá, mo yí bọ́tìnnì ìsàlẹ̀ sí BC, ibi tí a fi ń yẹ agbára bátìrì wò. Abẹ́rẹ́ bọ́ sí àmì rẹ̀. Mo tún padà sídìí ògiri: oòrùn, òjìji, inú ṣọ́ọ̀bù. Báyìí, ìlàjì ìpele ni, níbi mẹ́tẹ̀ẹ̀ta! Inú mi dùn gan-an.

Ìlàjì tó dọ́gba yẹn la ó fi ASA mú. Ẹ gbé òrùka tó yí ojú ṣátà ká sókè, kẹ́ ẹ yí i láti 200 sí 160, tàbí 125 bí mo ṣe fẹ́ràn rẹ̀. Fíìmù nẹ́gátífù máa ń gba ìmọ́lẹ̀ tó pọ̀ díẹ̀, àìtó ni kì í gbà.

Ohun kan tún wà tí kì í ṣe àìsàn mítà. Kámẹ́rà ń rò pé gbogbo nǹkan dà bí ògiri sìmẹ́ǹtì yẹn. Bí ẹ bá ya ẹni tó wọ léèsì funfun láti òkè dé ilẹ̀, á ní kẹ́ ẹ dín ìmọ́lẹ̀ kù, ojú ẹni náà á sì dúdú. Ẹ fi ìpele kan kún un fúnra yín. Bí ẹ bá lọ ya Ọ̀pá Ọ̀rànmíyàn pẹ̀lú ojú ọ̀run lẹ́yìn rẹ̀, ẹ kọ́kọ́ sún mọ́ òkúta náà, kẹ́ ẹ ka ìmọ́lẹ̀ rẹ̀, kẹ́ ẹ tó padà sẹ́yìn láti yà á.

Mo ti ń fi fíìmù tuntun sí i báyìí. Ẹ̀gbọ́n màmá àgbà yẹn ṣì wà lẹ́bàá Ẹnuwá, ó ní kí n wá lọ́la, ní nǹkan bí aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́.