Bí ọdẹ ṣe lè máa bá ilé sọ̀rọ̀ láti inú igbó tí kò sí nẹ́tíwọ́ọ̀kì

Ẹ̀yin ọdẹ ẹgbẹ́ mi, àrìnpa o. Ògún á gbè wá.

Ẹ̀yìn Ìjẹ̀bú-Igbó la wà yìí. Láti Òkè-Àgbò, ọ̀kadà gbé wa dé ibi tí ọ̀nà rẹ̀ pin, a wá fẹsẹ̀ rìn fún wákàtí kan àti díẹ̀. Àbúrò mi ló di kámẹ́rà mú. Bí àwòrán bá ń mì, òun ni kẹ́ ẹ bá wí. Àbúrò, sún mọ́ fóònù mi yìí, jẹ́ kí wọ́n rí i. Ṣé ẹ rí òkè níbẹ̀, níbi tó yẹ kí nẹ́tíwọ́ọ̀kì wà? Ó ṣófo. Tí ẹ̀gùn, ìyẹn ibi ìjókòó tí ọdẹ ń so sórí igi láti lúgọ, bá já mọ́ mi nídìí nísinsìnyí, tí mo ṣubú, fóònù yìí ò sàn ju tọ́ọ̀ṣì lọ.

Kí n tó rojọ́ kankan, ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ ránṣẹ́ sílé. Ẹ̀rọ náà nìyí. Mo yan ọ̀rọ̀ tí mo ti kọ sínú rẹ̀ láti ilé, mo tẹ̀ ẹ́. Aago mẹ́rin kọjá ìṣẹ́jú 12. Mo gbé e sórí kùkùté yẹn, kó kọjú sókè. Ẹ má gbàgbé aago yẹn, a ó padà sí i.

Garmin inReach Mini 2 ni orúkọ ẹ̀rọ yìí. Gíráàmù 100 ni, ó wọ àtẹ́lẹwọ́ mi. Kì í ṣe ohun tí a ń gbé sétí sọ̀rọ̀; ọ̀rọ̀ kíkọ ló ń fi ránṣẹ́, òun ló sì ń gbà. Kò nílò òpó nẹ́tíwọ́ọ̀kì rárá, nítorí òkè ọ̀run ló ń kọjú sí. Iridium ni wọ́n ń pe àwọn sátẹ́láìtì tó ń lò, 66 ló ń ṣiṣẹ́ pọ̀, wọ́n ń yí ayé po ní nǹkan bí 780 kìlómítà sókè. Kò sí èyí tó dúró sójú kan nínú wọn. Èyí tó wà lókè orí wa nísinsìnyí, kí ìṣẹ́jú mẹ́wàá tó pé, ó ti wọ̀, òmíràn ti yọ. Ẹ fi ìyẹn sọ́kàn, nítorí òun ló máa kọ́ wa ní sùúrù níwájú.

Ọ̀rọ̀ kan wà tí mo gbọ́dọ̀ tú ká kó tó pa èèyàn. Àwọn ọmọdé ọdẹ máa ń sọ fún mi pé, “Bọ̀ọ̀dá, fóònù mi ní GPS, ibi yòówù kí n wà wọ́n á rí mi.” Irọ́ ni. GPS ń gbọ́ ni, kì í fèsì. Bí ìgbà tí o ń gbọ́ rédíò ni: ò ń gbọ́ sọ̀rọ̀sọ̀rọ̀, òun ò gbọ́ ọ. Fóònù rẹ lè sọ fún ọ pé ibi báyìí lo wà, àmọ́ ìwọ nìkan ló sọ fún. Kí ará ilé tó mọ̀, nǹkan kan gbọ́dọ̀ gbé ọ̀rọ̀ náà jáde.

Ó yá, iṣẹ́ bẹ̀rẹ̀. Kì í ṣe inú igbó ló ti ń bẹ̀rẹ̀ o, yàrá rẹ ni, nígbà tí íntánẹ́ẹ̀tì ṣì wà.

Ẹ ó ṣí àkáǹtì, ẹ ó sanwó ìlò. Dọ́là ni wọ́n ń gbà, torí náà bí káàdì náírà bá kọ̀, ẹ bẹ ẹbí tó wà lókè òkun. Ìyẹn ò le. Ibi tó le ni nọ́ńbà àwọn tí òṣìṣẹ́ Garmin ní Amẹ́ríkà máa pè bí ewu bá dé. Ẹ fi +234 síwájú, kí ẹ yọ òdo àkọ́kọ́ kúrò. Mo ti rí ọdẹ tó kọ 080 síbẹ̀; kí lẹni tó wà ní Amẹ́ríkà fẹ́ fi 080 ṣe? Ẹni méjì ni mo kọ sí tèmi: ìyàwó mi àti Olúọdẹ wa. Mo sì jókòó ti Olúọdẹ, mo ní, “Bàbá, bí nọ́ńbà àjèjì láti òkè òkun bá pè yín lóru, ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbé e. Kì í ṣe àwọn ọmọ Yahoo.” Bàbá rẹ́rìn-ín, wọ́n láwọn kì í gbé irú ẹ̀. Ẹ wá wò ó: ẹ̀rọ olówó gọbọi, gbogbo rẹ̀ máa já sórí bàbá kan tí kì í gbé nọ́ńbà tí kò mọ̀. Ìwé ni mo fi kọ nọ́ńbà tó lè pè náà fún wọn, wọ́n lẹ̀ ẹ́ mọ́ ẹ̀yìn ilẹ̀kùn.

Lẹ́yìn náà, ọ̀rọ̀ mẹ́ta tí ẹ máa kọ sílẹ̀ ṣáájú. Inú igbó kọ́ lẹ ti máa ń yí i padà, ilé ni, torí náà ẹ ro ó dáadáa. Tèmi nìyí: ìkíní, “Mo ti de, ko si nnkan.” Ìkejì, “Mo ma pe, sugbon ara mi ya.” Ìkẹta, “Mo ti n bo nile.” Ṣé ẹ rí i pé mi ò fi àmì ohùn sí i? Kì í ṣe ọ̀lẹ ló fà á. Ọ̀rọ̀ SMS, bí ó bá jẹ́ lẹ́tà lásán, 160 ló ń gbà. Bí ẹ bá fi ẹyọ lẹ́tà kan bí ẹ, ọ, ṣ tàbí á sí i, ó já sí 70 lójú ẹsẹ̀. Àmọ́ wàhálà tiẹ̀ náà wà níbẹ̀. “Mo wa ninu oko.” Oko ni àbí ọkọ̀? “Ogun de.” Ògún ni, ogun ni, àbí oògùn? Ohun tí èmi àti ìyàwó mi ṣe ni pé a jọ ka ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan sókè nílé, a rí i dájú pé ìtumọ̀ kan ṣoṣo ló ní, ká tó fi í sínú ẹ̀rọ.

Bí ẹ bá ṣe tán, ẹ bọ́ síta nínú àgbàlá, kí ẹ fi ọ̀kan ránṣẹ́ wò. Ẹ má fi bọ́tìnì SOS, tí a fi ń ké gbàjarè, dán an wò o! Ẹ wò ó lẹ́gbẹ̀ẹ́ yìí, ó wà lábẹ́ ìdérí kékeré kí ọwọ́ má baà ṣèèṣì bà á. Bí ẹ bá tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀, Texas ló ń lọ, níbi tí àwọn èèyàn jókòó sí tọ̀sán-tòru. Wọ́n á bi yín léèrè ohun tó ṣẹlẹ̀, wọ́n á wá máa pe àwọn tó yẹ ní Nàìjíríà, títí kan nọ́ńbà tí ẹ kọ sílẹ̀. Wọn ò ní bàálù ní Ìjẹ̀bú. Ẹni tó máa wọ igbó wá gbé yín ni ẹgbẹ́ ọdẹ yín. Nítorí náà lẹ́yìn SOS, tí ọwọ́ bá ṣì gbé e, ẹ ránṣẹ́ sí ará ilé pẹ̀lú, kí ẹ dárúkọ ibi tí ọdẹ mọ̀: odò wo, igi ìrókò wo, oko ta ni.

Nọ́ńbà tó ń sọ ibi tí ẹ wà lórí ilẹ̀ ńkọ́? Ẹ̀rọ á fi í kún ọ̀rọ̀ yín. Bí ará ilé bá ní fóònù ńlá, ó kàn máa tẹ̀ ẹ́, àwòrán ilẹ̀ á ṣí. Bí ó bá jẹ́ fóònù kékeré oní-tọ́ọ̀ṣì, ó gbọ́dọ̀ ka nọ́ńbà yẹn fún ẹlòmíì. Ẹ kọ́ ọ. Níhìn-ín, ti àkọ́kọ́ máa ń bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú 6 tàbí 7, ìyẹn ti àríwá. Ìkejì pẹ̀lú 3 tàbí 4, ìyẹn ti ìlà-oòrùn. Ká ní ìwọ wà ní 6.9 àti 4.3, lápá igbó Ìjẹ̀bú, tí ẹni tó ń kà á gbé 4.3 síwájú. Ṣé ẹ mọ ibi tí wọ́n máa wá ọ lọ? Etí òkun lápá Bonny! Nọ́ńbà kẹta lẹ́yìn àmì (.) inú rẹ̀, tí ó bá fi ẹyọ kan yàtọ̀, nǹkan bí 110 mítà ni. Nínú igbó òru, 110 mítà tó láti pariwo títí kí ẹnikẹ́ni má gbọ́.

Ẹ jẹ́ ká wọ abẹ́ igi báyìí. Gbé kámẹ́rà sókè. Ṣé ẹ rí ewé tó bo gbogbo rẹ̀? Bí ẹ bá dúró síbí, ẹ̀rọ á máa wá sátẹ́láìtì títí bátìrì á fi rẹ̀. Òjò fúnra rẹ̀ kì í fi bẹ́ẹ̀ dí i lọ́wọ́. Ewé tó mu omi tán ló ń gbé ọ̀rọ̀ mì. Ohun tí mo máa ń ṣe ni pé mo ń wá ihò ojú ọ̀run: etí odò, ibi tí igi ńlá ti wó, oko tí wọ́n ti fi sílẹ̀, ojú ọ̀nà àwọn agégẹdú. Ẹ gbé ẹ̀rọ síbẹ̀, kí orí rẹ̀ kọjú sókè, kí ẹ sì fi í sílẹ̀. Má ṣe máa gbé e kiri bí ẹni ń wá nẹ́tíwọ́ọ̀kì lórí òkè! Sátẹ́láìtì ló ń rìn, ìwọ dúró. Bí èyí bá kọjá lẹ́yìn igi, òmíràn ń bọ̀.

Mo mọ ohun tí mò ń sọ nítorí ìyà ti jẹ mí. Ìgbà òjò kan báyìí, ẹsẹ̀ mi yẹ̀ lórí àpáta tó ń yọ̀, ọrùn ẹsẹ̀ wú bí ẹ̀kọ. Mo tẹ “Mo ma pe, sugbon ara mi ya,” mo rọra ti ẹ̀rọ bọ àpò ọdẹ, mo fi gààrí àti ọta ìbọn lé e lórí, mo sùn. Ọ̀rọ̀ yẹn ò jáde. Gbogbo òru ló fi wà nínú àpò níbẹ̀. Nígbà tí mo ń tiro jáde láàárọ̀, mo pàdé ọdẹ 14 lójú ọ̀nà pẹ̀lú ìbọn àti fèrè, wọ́n ní òkú mi làwọn wá gbé. Ìyàwó mi ti kàn wọ́n nílé láago mẹ́rin ìdájí. Àkùkọ kan àti páálí bíà kan ni wọ́n bù fún mi bí owó ìtanràn, mo sì san án, ẹ̀bi mi ni. Láti ọjọ́ yẹn, mi ò tíì gbé ẹ̀rọ yìí sínú àpò tí mi ò kọ́kọ́ rí i pé ọ̀rọ̀ ti jáde. Èjìká ló ń gbé, lórí okùn àpò, ní òdìkejì ibi tí mo gbé ìbọn kọ́.

Ọjọ́ yẹn náà ni èmi àti ìyàwó mi jókòó dá àdéhùn. Aago méje alẹ́ àti aago méje àárọ̀, ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan. Bí ti alẹ́ ò bá dé, kó má kàn ẹnikẹ́ni nílé. Igi lè ti dí i. Bí ti àárọ̀ náà ò bá dé títí di ọ̀sán, kó lọ bá Olúọdẹ, kó sì fi nọ́ńbà ibi tí mo wà kẹ́yìn hàn wọ́n. Bí ọ̀rọ̀ tó ní “ara mi ya” bá dé, kò gbọ́dọ̀ jí ẹnikẹ́ni. Lójú tèmi, àdéhùn yìí ju ẹ̀rọ náà lọ. Ẹni tó ní fóònù olówó pọ́ọ́kú tó sì ní àdéhùn sàn ju ẹni tó ní ẹ̀rọ sátẹ́láìtì tí ará ilé ò mọ ìgbà tó yẹ kí àyà wọn já.

Bátìrì: ilé iṣẹ́ ní ó lè tó ọjọ́ 14 bí ó bá ń ṣàmì ọ̀nà ní ìṣẹ́jú mẹ́wàá mẹ́wàá níbi tó ṣí. Abẹ́ igi wa ò rí bẹ́ẹ̀, ẹ gbé páwà báǹkì. Ẹ pa ohùn rẹ̀, kó má baà dún píì nígbà tí etu ń bọ̀ lábẹ́ ẹ̀gùn. Àmọ́ ẹ má pa ẹ̀rọ náà fúnra rẹ̀ lẹ́yìn tí ẹ bá ránṣẹ́ tán. Èsì ò lè bá ẹni tó ti pa á.

Ẹ ó bi mí nípa àwọn yòókù. Thuraya, fóònù sátẹ́láìtì míì, ń sọ̀rọ̀ lẹ́nu, ó dára, ṣùgbọ́n sátẹ́láìtì tirẹ̀ dúró sójú kan, ní nǹkan bí 36,000 kìlómítà, lápá ìlà-oòrùn wa. Bí igi ńlá bá dí apá ibẹ̀, ìwọ ni kó o ṣípò, òun ò ní wá. Starlink, íntánẹ́ẹ̀tì láti ọ̀dọ̀ sátẹ́láìtì, dé Nàìjíríà ní January 2023. Ẹni tó ní àgọ́ àti iná lè lò ó, ṣùgbọ́n ta ló máa gbé àwo yẹn dọdẹ òru?

Ó ku kékeré kan. Igbó Ọmọ, lápá ibi tí wọ́n ń pè ní J4, igbó ọba ni láti 1925, UNESCO sì ti kọ orúkọ rẹ̀ sílẹ̀ ní 1977. Erin ṣì wà níbẹ̀. A kì í dọdẹ níbẹ̀, mi ò sì fẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi fídíò mi kọ́ bí wọ́n ṣe ń wọ̀ ọ́. Èmi ti fi àmì sí ààlà lórí ẹ̀rọ mi, kí òkùnkùn má baà fi mí ṣe ẹlẹ́ṣẹ̀.

Àbúrò, kí ni aago wí? Aago márùn-ún ku ìṣẹ́jú 19. Ẹ jẹ́ ká lọ wo kùkùté yẹn. Ẹ rí i, ó ní ọ̀rọ̀ mi jáde láago mẹ́rin kọjá ìṣẹ́jú 19. Ìṣẹ́jú méje, nínú ihò ojú ọ̀run tó dára. Èsì sì ti wọlé. Sún mọ́ ọn, jẹ́ kí wọ́n kà á: “Mo ti ri i. E ba mi mu ewe eran bo.”

Ewé eran. Ewé eéran tí a fi ń pọ́n mọ́ínmọ́ín ni, àbí ewé tí ẹran máa jẹ nílé? Ẹ dúró, ẹ jẹ́ kí n bi í.