Ooru Inú Wáyà: Ìdí Tí Mo Fi Ń Pariwo Fólítì

Ẹ kú ìjókòó o, ẹ̀yin ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ Ajílété. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ni mo bá wá: ooru ni ọ̀tá ọkọ̀ oníbátìrì, fólítì, agbára tó ń ti iná gba inú wáyà, ni a fi ń ṣẹ́gun rẹ̀.

Ẹ̀yin rẹ́wáyà tó wà lẹ́yìn mọ̀ ọ́n. Bí wáyà sítátà bá tín-ín-rín, tí ọkọ̀ kò tètè ta, rọ́bà ara wáyà á bẹ̀rẹ̀ sí í rùn. Áńpíà, ìyẹn bí iná tó ń ṣàn nínú wáyà ṣe pọ̀ tó, ló fa ìyẹn. Fólítì lọ́nà áńpíà ló ń di wáàtì. Bí a bá fẹ́ kí kílówáàtì 200 wọ bátìrì, lórí fólítì 400, áńpíà 500 ni yóò gba inú wáyà kọjá. Lórí fólítì 800, ó di 250. Nínú wáyà kan náà, ooru kò ní mọ sí ìdajì; ìdá kan nínú mẹ́rin ni yóò kù, torí áńpíà lọ́nà ara rẹ̀ ni ooru ń tẹ̀ lé.

Àwọn kan ní ká kàn fi kọ́pà tó ki sí i. Ẹ bá mi bi wọ́n bóyá àwọn ni yóò máa gbé wáyà tó tó apá géńdé lọ síbi ọkọ̀!

Porsche ló kọ́kọ́ gbé ọkọ̀ fólítì 800 jáde fún títà, Taycan, ní 2019. Hyundai Ioniq 5 tẹ̀ lé e ní 2021: láti ìdá 10 dé 80 nínú ọgọ́rùn-ún, ìṣẹ́jú 18 ni, bí ibi tí a ti ń gbáná bá lágbára tó. Kí ọkà yín tó délẹ̀ tán nìyẹn. Ní 2025, BYD ti Ṣáínà ti dé fólítì 1,000.

Ìnfátà inú ọkọ̀ náà, tó ń yí iná bátìrì padà fún mọ́tò (kì í ṣe ti pálọ̀ yín, àmọ́ ìbátan ni wọ́n), ti ń fi èròjà kan tó ń jẹ́ silicon carbide rọ́pò silicon àtijọ́, kí iná má bàa ṣòfò. Alága ti ń lu aago sí mi, nítorí náà ọ̀rọ̀ omi tó ń tu bátìrì lára di ọjọ́ mìíràn.

Ìyá kan tó ń ta páàtì dìde: "Ọ̀gá, KVA 500 ni tíránsífọ́mà àdúgbò wa. Bí ọkọ̀ kan bá gba kílówáàtì 350 níbẹ̀, kí ni ká fi lọ ata?"

Gbogbo ilé rẹ́rìn-ín. Mo pa ìwé mi dé.

Òótọ́ ni, Mọ̀mọ́. Bátìrì ńlá ni ká gbé síbẹ̀ bíi tánkì omi: ẹ̀rọ omi á máa kán sí i lóru, bí ilẹ̀ bá mọ́, garawa á kún lẹ́ẹ̀kan. Ioniq yẹn ń gba nǹkan bíi kílówáàtì-wákàtí 54 láàárín ìṣẹ́jú 18 náà. Bí kílówáàtì 20 bá ń wọ tánkì wa, wákàtí mẹ́ta ló máa fi kó ti ọkọ̀ kan jọ.

"Iná tí yóò wà fún wákàtí mẹ́ta láìlọ?"

Ó dáa, sólà. Páńẹ́lì ogún, ti 550 wáàtì, oòrùn gidi fún wákàtí márùn-ún: ọkọ̀ kan lójúmọ́.

"Ogún páńẹ́lì fún ọkọ̀ kan. Ọ̀gá, ta ló máa san án?"

Alága gba maíìkì lọ́wọ́ mi.