Ibi Tí Ẹnu Ọfà Dúró Sí: Bí A Ṣe Ń Sàmì Sórí Àwòrán

(Ọ̀rọ̀ tí mo bá àwọn ọ̀dọ́ àgbẹ̀ kòkó sọ ní Àkúrẹ́)

Ẹ kú ìjókòó, ẹ̀yin ènìyàn mi. Ẹ̀gbọ́n mi kan tó ń dáko lápá Ìdànrè fi fọ́tò kan ránṣẹ́ sí mi lórí WhatsApp nígbà òjò. "Àbúrò, wo ohun tó ń ṣe kòkó mi." Mo wò ó títí. Igi mẹ́ta ló wà níbẹ̀, èso wọn lé ní ogún. Mo pè wọ́n, wọ́n ní èyí tó wà nísàlẹ̀ ni. Mẹ́rin ló wà nísàlẹ̀! Ọjọ́ mẹ́ta la fi ń béèrè ọ̀rọ̀ lọ́wọ́ ara wa, kí n tó mọ èyí tí wọ́n ń wí, ó ti dúdú látòkè délẹ̀. Ọfà kan ṣoṣo lórí fọ́tò yẹn ì bá ti tó.

Ẹ kò nílò kọ̀ǹpútà. Nínú Google Photos, ẹ tẹ Edit, kí ẹ wá Markup, ẹ ó rí bírò àti ibi tí a ti ń kọ ọ̀rọ̀. iPhone náà ní Markup tirẹ̀. WhatsApp gan-an ní bírò lókè kí ẹ tó fi fọ́tò ránṣẹ́. Ẹni tó bá ní kọ̀ǹpútà Windows, Paint ti ń bá Windows rìn láti 1985. Ṣùgbọ́n ẹ kọ́kọ́ ṣe ẹ̀dà fọ́tò náà o. Èyí tí a kò fọwọ́ kàn ni ẹlẹ́rìí yín.

Ẹ gé ohun tí kò kan ọ̀rọ̀ kúrò létí fọ́tò. Lẹ́yìn náà, ẹ fa ọfà. Ẹ má jẹ́ kí ẹnu ọfà gun ojú àrùn, torí ohun tí ẹ fẹ́ ká rí lẹ ń bò yẹn. Kó dúró díẹ̀ sẹ́yìn rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ àwọ̀ ló máa ń kó ọ̀pọ̀ ènìyàn sí wàhálà. Pupa ni gbogbo wa máa ń sáré mú, bẹ́ẹ̀ ojú àrùn lára kòkó máa ń ní àwọ̀ ilẹ̀, pupa á sì rì sínú rẹ̀. Àwọ̀ ìyeyè náà á rì sára èso tó ti pọ́n. Ohun tí èmi ń ṣe ni pé mo máa ń fa ìlà dúdú tó nípọn, màá wá fa funfun tínínrín sáàárín rẹ̀. Kò sí ibi tí kì í ti í hàn.

Ẹ jẹ́ kí àmì náà sọ ohun tí ojú yín rí. Àrùn tó ń sọ kòkó di dúdú máa ń bẹ̀rẹ̀ lójú kan, á wá máa fẹ̀, nítorí náà ẹ fa ìlà sí etí ibi tó dé lónìí, kí ẹ kọ ọjọ́ sí i, kí ẹ tún ya èso kan náà lọ́jọ́ kejì. Ti kòkòrò tó ń fa omi ara èso yàtọ̀: ojú kéékèèké ló ń fi sílẹ̀ káàkiri. Ẹ tọ́ka sí méjì tàbí mẹ́ta, ó tó.

Tí ẹ bá ń kọ̀wé sórí rẹ̀, ẹ fi àmì ohùn àti àmì abẹ́ lẹ́tà sí i. Gboard, pátákó ìtẹ̀wé Google lórí fóònù, ní Yorùbá. Oko, ọkọ, ọkọ́, ọkọ̀: ọ̀kan náà ni gbogbo wọn jọ lójú ẹni tí kò rí àmì.

Ó ku ohun kan tó ń bà mí lẹ́rù gidi. Bí ẹ bá fẹ́ bo nọ́ńbà àkáǹtì lórí fọ́tò ìwé báǹkì, ẹ má lo bírò tí a fi ń kun ọ̀rọ̀ kó lè hàn dáadáa (highlighter). Dúdú rẹ̀ kì í dí tán. Ẹni tó bá mú fọ́tò náà mọ́lẹ̀ sí i lè ka ohun tó wà lábẹ́. Ẹ gé ibẹ̀ kúrò pátápátá, kí ẹ ya screenshot (àwòrán ojú fóònù) èyí tí ẹ ti gé, òun ni kí ẹ fi ránṣẹ́.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ẹ̀gbọ́n mi tún fi fọ́tò ránṣẹ́. Èso kan, ọfà funfun, ọjọ́ nísàlẹ̀. Ojú àrùn náà kò ju èékánná lọ. Mo dá wọn lóhùn lójú ẹsẹ̀: "Ẹ já a lónìí, ẹ má fi sábẹ́ igi."