Bí A Ṣe Ń Tọ́jú Awọ Ajá Shar-Pei Nílé

Ẹ sún mọ́ mi, kí ẹ wo iwájú orí ajá yìí. Awọ ń ṣẹ́po lé awọ bí aṣọ tí wọn kò tíì lọ̀. Mo fi ìka méjì ya ìṣẹ́po kan báyìí: ṣé ẹ rí i bí inú rẹ̀ ṣe pọ́n díẹ̀, tó sì rin? Ibi tí òórùn yẹn ti ń wá nìyí. Ẹ lè wẹ ajá yín lánàá, kó tún máa rùn lónìí, torí omi tí ẹ fi wẹ̀ ẹ́ ṣì wà níbẹ̀. Ibi tó bá lọ́ wọ́ọ́rọ́, tó ṣókùnkùn, tó tún rin, kòkòrò àìfojúrí a máa fi ṣe ilé. Wíwẹ Shar-Pei kò le. Kéèyàn nù ún gbẹ ni iṣẹ́ wà.

Agbègbè Guangdong ní gúúsù Ṣáínà ni ajá yìí ti wá. Díẹ̀ ló kù kó parun. Lọ́dún 1973, Matgo Law, ará Hong Kong, ké sí àwọn olùsìn ajá ní Amẹ́ríkà pé kí wọ́n gbà á là. Awọ tó hunjọ yẹn kì í ṣe àrùn. Èròjà kan tí wọ́n ń pè ní hyaluronan, tó wà lára gbogbo wa, tó sì máa ń di omi mú nínú awọ, ló pọ̀ jọjọ lára tirẹ̀. Kò sí ìpara tó lè nà án. Ẹni bá ń tà á fún yín, ẹ má dá a lóhùn.

Ká wá sí ìwẹ̀. Omi lílọ́ wọ́ọ́rọ́ àti ọṣẹ ajá ni kí ẹ lò. Ọṣẹ tiwa èèyàn máa ń jẹ́ kí awọ ajá gbẹ, kó sì máa yún un. Ẹ la ìṣẹ́po kọ̀ọ̀kan, kí omi ṣàn kọjá níbẹ̀ títí ọṣẹ kò fi ní hó mọ́.

Ẹ wá wo ọwọ́ mi. Mi ò fi táwẹ̀lì ra á. Mò ń tẹ̀ ẹ́ ni, kí aṣọ fa omi náà mu. Mo bẹ̀rẹ̀ láti òkè imú, mo bọ́ sí abẹ́ ojú, ẹ̀gbẹ́ ètè níbi tí itọ́ ń gbà, ọrùn, abíyá, àárín ọmọ ìka ẹsẹ̀, títí dé ìdí ìrù. Ìdí ìrù yẹn làwọn èèyàn máa ń gbàgbé! Lẹ́yìn náà, mo ki òwú gbígbẹ sínú ìṣẹ́po kan. Tí òwú bá rin, mo tún ibẹ̀ nù.

Ẹ má da páúdà sí i. Tó bá pàdé omi, á dì, á máa ha awọ. Òrí ńkọ́? Mo mọ̀ pé a fẹ́ràn òrí nílé wa, ó sì dára fún gìgísẹ̀ tó bá ń là, àmọ́ nínú ìṣẹ́po ajá, ńṣe ló máa dé omi mọ́bẹ̀.

Irun kò gba wàhálà: búrọ́ọ̀ṣì rọ́bà lẹ́ẹ̀kan lọ́sẹ̀ ti tó. Etí rẹ̀ kéré, ihò rẹ̀ sì há. Ibi tí ojú yín tó ni kí ẹ nù. Ahọ́n tó dúdú yẹn, bí irú wọn ṣe rí nìyẹn.

Lójoojúmọ́, ẹ la àwọn ìṣẹ́po náà wò. Tí ẹ bá rí ibi tó ń ṣomi, tàbí tí òórùn rẹ̀ yàtọ̀, ọ̀rọ̀ dókítà ẹranko ló dà.

Ojú ni mo fẹ́ kí ẹ fọkàn sí jù. Awọ tó wúwo lórí yìí lè ti ìpéǹpéjú wọnú, irun á sì máa ha ẹyinjú. Ajá á máa ṣẹ́jú ṣáá, omi á máa dà lójú rẹ̀, kò ní fẹ́ wo ìmọ́lẹ̀. Mo bẹ̀ yín, ẹ má kán ohunkóhun sí i nílé. Ẹ gbé e lọ sọ́dọ̀ dókítà lọ́jọ́ náà gan-an, torí ọgbẹ́ ẹyinjú lè fọ́ ọ lójú. Tó bá jẹ́ ọmọ ajá ni, dókítà lè fi òwú rán ìpéǹpéjú náà sẹ́yìn fúngbà díẹ̀, títí orí rẹ̀ á fi tóbi tó awọ.