Ẹ Má Bá Mi Dúpẹ́ Lọ́wọ́ Ẹni Tó Tilẹ̀kùn

Ẹ káàbọ̀ o, ẹ̀yin èèyàn mi. Ọ̀rọ̀ Merze Tate ni mo gbé wá, obìnrin adúláwọ̀ Amẹ́ríkà tó di ọ̀mọ̀wé ńlá. Oxford tó lọ, oyè tó gbà níbẹ̀ ní 1935 tí obìnrin adúláwọ̀ Amẹ́ríkà kankan ò gbà rí, oyè ọ̀mọ̀wé (PhD) tó gbà ní 1941 ní Radcliffe, kọ́lẹ́jì àwọn obìnrin ti Harvard, gbogbo ìyẹn ẹ ti mọ̀ ọ́n. Ẹ jẹ́ ká fi sílẹ̀.

1927 ni mi ò lè kúrò níbẹ̀. Ọmọ àgbẹ̀ ni, ọmọ ọdún 22, ọmọ Michigan. Ó kẹ́kọ̀ọ́ olùkọ́ jáde ní ìlú Kalamazoo, ní Michigan níbẹ̀, ó sì mọ̀wé gidi. Ó wáṣẹ́ títí. Wọn ò gba aláwọ̀ dúdú ṣe olùkọ́ ní ilé ẹ̀kọ́ gírámà ní Michigan. Ìpínlẹ̀ tó bí i! Àwọn aláṣẹ ilé ẹ̀kọ́ rẹ̀ wá bá a wáṣẹ́ sí Indianapolis, ní ìpínlẹ̀ Indiana, ní Crispus Attucks, ilé ìwé tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣí kí ọmọ dúdú má bàa bá ọmọ funfun jókòó. Háà.

Mo ti ń gbọ́ yín. "Ṣebí ìyẹn náà ló sọ ọ́ dèèyàn ńlá? Ká ní Michigan gbà á, ṣé á dé Oxford?" Ẹ gbẹ́nu yín dákẹ́, ẹ jọ̀ọ́! (Mo ń rẹ́rìn-ín o, ṣùgbọ́n inú ń bí mi.) Orí tó gbé lọ sí Oxford, ṣé kò ti wà lọ́rùn rẹ̀ ní Kalamazoo? Tẹ́ ẹ bá fẹ́ dúpẹ́, ẹ dúpẹ́ lọ́wọ́ àwọn obìnrin adúláwọ̀ ẹgbẹ́ Alpha Kappa Alpha tó fowó ràn án lọ́wọ́. Àwọn tí wọ́n tilẹ̀kùn mọ́, tí ẹnikẹ́ni ò fowó ràn, ta ló mọ orúkọ wọn?

Nígbà tí mo dé ìlú òyìnbó yìí, tí mò ń nu ìdí arúgbó, sátífíkéètì olùkọ́ ń bẹ nínú àpò mi. Wọ́n ní kí n fọkàn balẹ̀, pé àtẹ̀gùn ni. Àtẹ̀gùn wo?

Tate gan-an ò jẹ irú ọ̀rọ̀ dídùn bẹ́ẹ̀. Ìwé rẹ̀ ti 1942, The Disarmament Illusion, yẹ ìpàdé àwọn orílẹ̀-èdè ńlá lórí ohun ìjà wò títí dé 1907, ó sì fi hàn pé níwọ̀n ìgbà tí ìjà òṣèlú bá ṣì wà nílẹ̀, kò sẹ́ni tó máa sọ ìbọn sílẹ̀. Ọdún yẹn náà ló bọ́ sí Howard, yunifásítì àwọn adúláwọ̀ ní Washington, tó sì kọ́ni níbẹ̀ títí di 1977.

Ó mọ káàdì bridge ta o! Mo fẹ́ràn ìyẹn. Ẹni tó bá fẹ́ bá mi jà lórí ti Michigan, kó fi ohùn ránṣẹ́. Mò ń dúró.