Ẹ Jókòó Sílẹ̀, Ẹ Bá Wọn Ta Ayò

Ẹ kú ìkàlẹ̀ o, ẹ̀yin ará ilé àti ẹ̀yin tí ẹ wà lẹ́yìn odi. Ẹ̀yin tí ẹ ń kọ́ ọmọ ní Yorùbá lọ́jọ́ Sátidé ni mo ń bá sọ̀rọ̀ lónìí, ní Peckham, ní Manchester, ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, níbikíbi tí ẹ ti rí gbọ̀ngàn yá. Ọ̀rọ̀ ayọ̀ ni: irú èyí tí àgbàlagbà ti gbàgbé, tó máa ń padà wá nígbà tí ọwọ́ rẹ̀ bá wà nínú ọpọ́n ayò pẹ̀lú ọmọ ọdún 9. Mo ní ọwọ́ rẹ̀ o. Ẹni tó dúró lókè, tó káwọ́ sẹ́yìn, tó ń ṣọ́ àwọn ọmọ, kò ní rí nǹkan kan gbé lọ sílé.

Ẹ má jẹ́ kí àìsí ọpọ́n dá yín dúró. Ilé 12 ni ọpọ́n ayò ní, mẹ́fà níhìn-ín, mẹ́fà lọ́hùn-ún. Páálí ẹyin méjìlá tó jẹ́ ìlà méjì ti tó. Ẹ lè so páálí ẹlẹ́yin mẹ́fà méjì pọ̀ ní orí sí orí, ṣùgbọ́n èyí tó ń gba mẹ́wàá kò wúlò. Ẹ gé ìdérí páálí náà kúrò, ibẹ̀ ni kálukú á máa kó ohun tó bá jẹ sí. Ọmọ ayò gidi ló dára jù, kóró aláwọ̀ eérú tó ń dán yẹn. Bí kò bá sí, ẹ lo òkúta wẹ́wẹ́ tó ń dán. Bọ́tìnì máa ń lẹ̀ mọ́ ìdí páálí, ọmọ á kàn máa fi èékánná wá a. Ẹ̀wà pupa ńlá tí wọ́n ń pè ní kidney beans, ẹ má mú un wá rárá: májèlé wà nínú rẹ̀ bí a kò bá sè é jinná. Ọmọ tí kò tíì pé ọdún 3 kò gbọdọ̀ sún mọ́ ibẹ̀, torí ẹnu ni gbogbo nǹkan ń lọ.

Ibi tí mo fẹ́ kí ẹ fara balẹ̀ sí nìyí. Ọmọ ayò 48 ni a fi ń bẹ̀rẹ̀, mẹ́rin-mẹ́rin nínú ilé kọ̀ọ̀kan. Ẹ má ka 48 fún wọn. Ẹ ka 50 sílẹ̀, ní ẹbu mẹ́wàá-mẹ́wàá márùn-ún. Kí ọmọ náà fúnra rẹ̀ mú méjì kúrò, kó sọ wọ́n sínú àpò, kí ẹ wá bi í pé mélòó ló kù. Méjì dín ní àádọ́ta: méjìdínláàádọ́ta. Ọmọ tó ń fi Gẹ̀ẹ́sì ka òǹkà láti ọjọ́ Ajé dé ọjọ́ Ẹtì máa ń rò pé ṣe ni òǹkà Yorùbá kàn gùn. Ìgbà tó bá mú méjì yẹn kúrò ló máa rí i pé ohun tí ọwọ́ òun ṣe gan-an ni ọ̀rọ̀ náà ń sọ. Ẹ wo ojú rẹ̀ nígbà náà, ẹ jọ̀wọ́. Márùndínlọ́gbọ̀n náà sì ń bọ̀ lọ́nà, torí ẹni tó bá jẹ ọmọ 25 ti borí.

Títa rẹ̀ kò le. Ẹ kó gbogbo ọmọ ayò inú ilé kan ní ẹ̀gbẹ́ yín, ẹ máa sọ wọ́n sílẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan láti òsì sí ọ̀tún, kí ẹ yí wọ ẹ̀gbẹ́ ẹnìkejì. Kí ọmọ máa kà á sókè: ení, èjì, ẹ̀ta, ẹ̀rin. Bí èyí tó kẹ́yìn bá bọ́ sí ilé ẹnìkejì, tó sọ ibẹ̀ di méjì tàbí mẹ́ta, ẹ jẹ ẹ́, ìyẹn ni pé kí ẹ kó ọmọ ayò inú rẹ̀. Bí ilé tó ṣáájú rẹ̀ ní ẹ̀gbẹ́ yẹn náà bá jẹ́ méjì tàbí mẹ́ta, ẹ jẹ òun náà. Ìjà sábà máa ń bẹ̀rẹ̀ nígbà tí ọmọ ayò méjì bá jábọ́ pọ̀ sínú ilé kan, torí ọmọdé ń di gbogbo rẹ̀ mọ́wọ́ kan. Kí ó tẹ́ wọn sí àtẹ́lẹwọ́ òsì, kó máa fi ọ̀tún mú wọn. Bí ilé kan bá sì ti di odù, tí ọmọ inú rẹ̀ tó 12 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, ẹ fo ilé tí ẹ ti bẹ̀rẹ̀ bí ẹ bá yípo dé ibẹ̀.

Ní ìdí ọpọ́n, ọ̀ta ni ẹni tó mọ̀ ọ́n ta, ọ̀pẹ ni ẹni tí kò mọ̀ ọ́n. Òǹwòran láǹfààní láti sọ̀rọ̀, kódà láti fi àgbà ṣe yẹ̀yẹ́. Níbí ni ọ̀pọ̀ olùkọ́ ti ń ba eré jẹ́: ọmọ á pariwo pé "Ẹ̀yin lọ̀pẹ!", wọ́n á sì bẹ̀rẹ̀ ìwàásù nípa ìbọ̀wọ̀ fágbà. Ọmọ náà á dákẹ́, ayọ̀ náà á sì lọ. Ìbọ̀wọ̀ ti wà nínú "ẹ̀yin" tó pè yín. Ẹ dá a lóhùn pé kó dúró kẹ́ ẹ jẹ ilé tó kàn, kí ẹ rẹ́rìn-ín dọ́kàn. Ẹ má sì mọ̀ọ́mọ̀ jẹ́ kó borí yín. Ọmọ ọdún 7 máa ń mọ̀. Ẹ fún un láyè láti dá títa rẹ̀ padà lẹ́ẹ̀mẹta, kí ẹ fi gbogbo agbára yín ta.

Kí gbogbo èyí tó bẹ̀rẹ̀, ẹ gba ìwé DBS yín, ìwé àyẹ̀wò àkọsílẹ̀ ìwà ọ̀daràn, kí àgbà méjì ó kéré tán wà nínú yàrá.

Bí eré bá parí, ọ̀ta ni kí ó ka ọmọ ayò padà sínú àpò, ní ohùn rara. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ ìgbà gbogbo ni ọ̀kan máa ń sọnù. Ẹ jọ wá a, lórí orúnkún, lábẹ́ àga. Bí ẹ kò bá rí i, méjì tí a mú kúrò lẹ́ẹ̀kan ṣì wà nínú àpò.