Bí a ṣe ń sọ fíríìjì àlòkù di àpótí ìpọntí

Ẹ kú ìjókòó o. Àjílósùn l'Adó-Èkìtì la wà. Fíríìjì onílẹ̀kùn kan tí ẹ ń wò yìí, nǹkan kan ṣoṣo ló ṣe é: kì í mọ ìgbà tó yẹ kó dúró. Tòmátì tí ẹ bá kó sínú rẹ̀ á di yìnyín mọ́jú. Ìdí nìyẹn tí ẹni tó ni ín fi tà á ní pọ́ọ́kú. Ó bá tèmi mu, torí èmi ni n ó máa sọ fún un ìgbà tó máa dúró.

Ọtí ọkà bàbà ni mo ń pọn. Ìwúkàrà tí mo ń lò fẹ́ràn 18 sí 22°C, bẹ́ẹ̀ lọ́sàn-án ẹ̀ẹ̀rùn, yàrá lè gbóná tó 30. Ọtí tó ń hó tún ń mú ooru tirẹ̀ wá. Ó lè fi ìwọ̀n 3 sí 5 gbóná ju yàrá lọ. Ìwúkàrà tó bá ṣiṣẹ́ nínú irú ooru bẹ́ẹ̀, ọtí rẹ̀ á máa ta sí imú, á sì fọ́ yín lórí. Ṣẹ̀kẹ̀tẹ́ àwọn ìyá wa ò ní wàhálà yìí, wọ́n ń mu ún kó tó pẹ́ nílẹ̀. Bíà tó máa gbé inú ìgò ni mo ń wí.

Ẹ yọ ọ́ nínú iná. Ẹ kó àwọn pẹpẹ inú rẹ̀ jáde, ẹ fi omi gbígbóná àti ọṣẹ fọ̀ ọ́, kí ẹ ṣí i sílẹ̀ sínú oòrùn kí òórùn ẹja tán. Tí òórùn náà bá ti tán, ẹ wo rọ́bà ẹnu ilẹ̀kùn. Ẹ fi owó bébà há a báyìí, ẹ pa á dé, ẹ fà á. Tó bá yọ wẹ́rẹ́, afẹ́fẹ́ ń wọlé, ẹ pààrọ̀ rọ́bà. Tó bá jẹ́ ti àtijọ́ tó ní kọ́kọ́rọ́ tàbí ìkọ́ tó ń há, ẹ tú u kúrò pátápátá nítorí àwọn ọmọdé.

Àbúrò, sún kámẹ́rà mọ́ ibí. Ẹ rí ẹ̀gbẹ́ yìí? Ẹ má lu ihò sí i! Nínú ọ̀pọ̀ fíríìjì, inú ara ẹ̀gbẹ́ ni ọ̀pá gáàsì ń gbà kọjá, ojú ò sì lè rí i. Àpótí yìnyín tó wà lókè yìí náà, gáàsì ló wà nínú rẹ̀. Ẹ má fi ọ̀bẹ ha yìnyín ara rẹ̀. Tí ẹ bá rí R600a lára bébà ẹ̀yìn rẹ̀, gáàsì tó ń gbiná ni. Èmi ò lu ihò kankan: wáyà sẹ́ńsọ̀, èyí tó ń wọn ooru ọtí, tẹ́ẹ́rẹ́ ni, ó gba abẹ́ rọ́bà ilẹ̀kùn.

Ó kan ẹ̀rọ kékeré tí a ń pè ní STC-1000: òun ló ń ka ooru láti ara sẹ́ńsọ̀, tó sì ń tan fíríìjì, tó ń pa á. Ẹ ra èyí tó jẹ́ 220V. Ẹ wo nọ́ńbà tó wà lẹ́yìn rẹ̀. Iná wọ 1 àti 2: wáyà tó níná sí 1, tí kò níná sí 2. Sẹ́ńsọ̀ wọ 3 àti 4. Ẹ fi wáyà kúkúrú so 1 mọ́ 7, kí 8 lọ sí ojú iná sọ́kẹ́ẹ̀tì. Wáyà tí kò níná àti wáyà ilẹ̀ á lọ tààrà sí sọ́kẹ́ẹ̀tì náà. Inú rẹ̀ lẹ máa ki fíríìjì bọ̀, ẹ sì yí bọ́tìnì tutù fíríìjì fúnra rẹ̀ dé òpin. Ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ ò dá wáyà mọ̀, kó pe oníná. Ẹ fi 5 àti 6 sílẹ̀, ti amúgbóná ni. Kì í ṣe Ìkọgọ̀sì là ń kọ́, tí gbígbóná àti tútù yóò jọ máa ṣàn.

Ẹ tẹ S mọ́lẹ̀ títí F1 á fi jáde, ìyẹn ìwọ̀n ooru tí ẹ fẹ́: 20 ni mo fi sí. F2, ìyẹn bó ṣe máa fi gbóná ju 20 lọ kí fíríìjì tó tàn: 0.5. F3 ni ẹ má fojú di, òun ló ń jẹ́ kí kọ̀ńpírẹ́sọ̀ sinmi kó tó tún bẹ̀rẹ̀. Ìṣẹ́jú 5 ni tèmi. Kọ̀ńpírẹ́sọ̀ tó ń tàn tó ń kú láìsinmi, kì í pẹ́ jóná.

Sẹ́ńsọ̀ náà, ẹ má jẹ́ kó rọ̀ sínú afẹ́fẹ́. Ara ike ọtí ni kí ẹ fi tẹ́ẹ̀pù lẹ̀ ẹ́ mọ́, ní ìsàlẹ̀ ibi tí ọtí dé, kí ẹ fi fóòmù bò ó. Ọtí lẹ fẹ́ mọ̀ bó ṣe gbóná sí. Afẹ́fẹ́ inú fíríìjì á ti tutù kí ọtí tó mọ̀ rárá.

Tí iná bá lọ, ẹ má ṣí i. Bó bá pẹ́ jù, ẹ ti ìgò omi dídì méjì sí ẹ̀gbẹ́ ike, kí ẹ tètè pa á dé. Ẹ má sì ṣe é láìsí sitebiláísà, pàápàá ládùúgbò tí iná ti ń lọ sókè sódò.

Kí ọtí tó wọlé, ẹ kọ́kọ́ fi omi dán an wò. Ike kan tó kún, sẹ́ńsọ̀ lára rẹ̀, kó sùn síbẹ̀. Tí ẹ bá jí tí ó ṣì wà ní 20 tàbí tó súnmọ́ ọn, ẹ da omi náà nù, kí ẹ gbé ọtí wọlé.